Kánàkò Kò Sí Nínú Ìtàn Náà: Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Game of Thrones àti Ẹ̀kọ́ Àhunpọ̀ Ìtàn ní Èdè Abínibí

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán HBO ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré àtìgbàdégbà kan hàn tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Game of Thrones. Ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2019 ni eré náà parí, lẹ́yìn sáà 8 àti apá 73. Orí àwọn ìwé ìtàn àròsọ George R. R. Martin, èyí tí àkọ́kọ́ nínú wọn jáde ní ọdún 1996, ni David Benioff àti D. B. Weiss gbé eré náà kà. Ìtàn àwọn ọba àti ìjòyè tí ń du orí ìtẹ́ ni, ṣùgbọ́n dírágónì wà nínú rẹ̀, òkú ń dìde rìn nínú rẹ̀, àwọn kan sì ń wo inú iná láti rí ọjọ́ iwájú.

Ohun tí ó yẹ kí ó fa olùkọ́ èdè mọ́ra nínú eré yìí ju ìran ogun rẹ̀ lọ ni àríyànjiyàn tí ó dá sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ní àwọn sáà tí ó gbẹ̀yìn, pàápàá láti ọdún 2017 sí 2019, àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà wà lára wọn, ń jiyàn lórí bóyá ohun tí wọ́n rí bá ọgbọ́n ìtàn náà mu. Kò sí ẹni tí ó bínú pé dírágónì ń fò. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé ẹyẹ ìwò kan yára jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní: ẹni tí ó ti gba dírágónì gbọ́, kí ni ó tún kù tí kò lè gbà gbọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni kókó àpilẹ̀kọ yìí. Àpilẹ̀kọ náà yóò ṣàlàyé ohun tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń ṣe gan-an nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn, yóò sì fi hàn pé iṣẹ́ kan náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ èdè abínibí, yálà Yorùbá, Ìgbò, Haúsá tàbí èdè mìíràn.

Òfin tí Ìtàn Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Ṣe

Gbogbo ìtàn ni ó ní ayé tirẹ̀, gbogbo ayé bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní òfin. Ìtàn tí ó jẹ mọ́ ìgbésí ayé ojoojúmọ́ yá òfin tirẹ̀ lọ́wọ́ ayé tí gbogbo wa ń gbé: bí ẹ̀dá ìtàn bá já bọ́ láti orí òkè ilé alájà mẹ́wàá, òǹkàwé ń retí pé yóò kú. Ìtàn àràmàǹdà, ní tirẹ̀, máa ń sọ èyí tí ó yí padà nínú òfin náà, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà. Àdéhùn ni èyí jẹ́ láàrin asọ̀tàn àti olùgbọ́. Asọ̀tàn á ní, ní ilẹ̀ tí òun ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, òkú lè dìde. Olùgbọ́ á gbà. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí olùgbọ́ ń ṣọ́ ni bóyá asọ̀tàn yóò pa àdéhùn náà mọ́.

Àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo aya rẹ̀ fi èyí hàn kedere. Yánníbo yàgàn, Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ fún un pé kí ó gbé e fún aya rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ sì wú. Ọmọdé tí ó ń gbọ́ àlọ́ yìí kì í bèèrè bí ahun ṣe lè bá babaláwo sọ̀rọ̀, nítorí pé ó wà nínú àdéhùn àlọ́ pé ẹranko ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí apàlọ́ bá ní Ìjàpá lá àsèjẹ náà tán, tí kò sì sí ohun tí ó ṣe é, àwọn ọmọ náà yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èèwọ̀ ni wọ́n gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni wọ́n jókòó dè.

Ọwọ́ kan náà ni Game of Thrones fi gba ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn òǹwòran rẹ̀. Ní apá àkọ́kọ́, ayaba ráhùn pé odidi oṣù kan ni àwọn fi rìn láti olú-ìlú títí dé Winterfell ní ìhà àríwá. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n òfin ni: ilẹ̀ yìí tóbi, ìrìn rẹ̀ sì ń gba àsìkò. Ní apá kẹsàn-án sáà kan náà, wọ́n bẹ́ orí Ned Stark, ẹni tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ti gbà pé òun ni akọni ìtàn. Ó dun àwọn ènìyàn wọra, síbẹ̀ ìwọ̀nba ni ẹni tí ó lè sọ pé kò bá ọgbọ́n mu. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó gbé e dé ibẹ̀ ni wọ́n fi ojú ara wọn rí: ó sọ àṣírí tí ó mọ̀ fún ayaba fúnra rẹ̀ kí ó tó sọ fún ọba, ọba kú, ó wá gbẹ́kẹ̀ lé ọkùnrin tí ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé òun. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ àwọn òǹwòran láti máa ka ìtàn náà pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Nígbà tí ìtàn wá ń rú òfin ara rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, àwọn tí ó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni ó mú un.

Ọ̀nà Jíjìn àti Ẹyẹ Ìwò

Apá tí ó gbé àríyànjiyàn tí ó gbóná jù lọ dìde lórí ọ̀rọ̀ àsìkò àti ọ̀nà ni Beyond the Wall, tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2017. Nínú rẹ̀, Jon Snow àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá odi ńlá tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá láti lọ mú ọ̀kan nínú àwọn òkú tí ń rìn. Àwọn òkú náà ká wọn mọ́ orí àpáta kan láàrin adágún omi tí ó ti di yìnyín. Gendry sáré padà lọ sí ibùdó ẹ̀ṣọ́ lẹ́bàá odi. Wọ́n rán ẹyẹ ìwò láti ibẹ̀ sí Daenerys ní erékùṣù Dragonstone, tí ó jìnnà réré sí ìhà gúúsù. Daenerys gun dírágónì rẹ̀, ó sì dé kí òkú tó pa gbogbo wọn tán.

Àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu apá yìí kò fi ariwo lásán ṣe é. Wọ́n mú àwòrán ilẹ̀ ayé ìtàn náà jáde. Nítorí pé àwọn ìwé Martin ti sọ gígùn odi náà, èyí tí ó tó nǹkan bí 300 máìlì, wọ́n fi odi náà ṣe ọ̀pá ìwọ̀n, wọ́n sì fi wọn ibi tí erékùṣù náà jìnnà dé. Wọ́n ṣírò bí ẹyẹ ṣe ń fò sí ní wákàtí kan, àti bí dírágónì ṣe gbọ́dọ̀ yára tó. Àbọ̀ ìṣirò wọn ni pé iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n kó sínú àsìkò tí ó dà bí òru kan.

Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tí ó gbèjà eré náà ní ẹ̀rí tiwọn. Wọ́n ní Thoros, tí ó fara gbọgbẹ́, kú sórí àpáta náà ní òru, èyí tí ó fi hàn pé ó kéré tán, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ sì tún mọ́. Wọ́n ní yìnyín tí ó fọ́ yí àpáta náà ká ní láti tún dì kí òkú tó lè kọjá, àti pé eré náà kò sọ iye ọjọ́ tí ó gbà á. Bí asọ̀tàn kò bá ka ọjọ́, wọ́n ní, ta ni ó fún òǹwòran láṣẹ láti kà á fún un? Alan Taylor, olùdarí apá náà, gbà nínú ọ̀rọ̀ tí ó bá àwọn oníròyìn sọ pé ọ̀rọ̀ àsìkò ti rú díẹ̀. Ó wá fi ara ti èrò kan tí ó ti wà láti ìgbà Aristotle, pé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ṣeé gbà gbọ́ dára nínú ìtàn ju ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé gbà gbọ́ lọ. Àwọn alátakò rẹ̀ náà gba èrò Aristotle yìí wọlé; ohun tí wọ́n ń sọ ni pé apá náà kò dé ojú ìwọ̀n rẹ̀.

Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí ó ṣàìsí nínú apá náà. Nínú ìtàn àwọn ọdẹ àti jagunjagun, kánàkò ni oògùn tí ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, egbé sì ni èyí tí ń gbé ènìyàn kúrò lójú ewu lọ́gán. Bí asọ̀tàn bá ti sọ pé ọdẹ kan jogún kánàkò lọ́wọ́ baba rẹ̀, kò sí olùgbọ́ tí yóò bèèrè bí ó ṣe fi ìrọ̀lẹ́ kan rin ìrìn oṣù kan. Ṣùgbọ́n asọ̀tàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kánàkò gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpò ọdẹ kí ọjọ́ ewu tó dé. Ó mọ̀ pé oògùn ní èèwọ̀ tí ó lè bà á jẹ́. Ó sì mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn bá ní in, olùgbọ́ lè bèèrè ìdí tí ọ̀tá kò fi wá tirẹ̀. Ọdẹ tí ẹnikẹ́ni kò rí kánàkò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wá ń rìn bí ẹni tí ó ní in, ti tú asọ̀tàn fó. Ẹjọ́ tí wọ́n pe eré náà kò ju èyí lọ.

Bí Kò Bá Nídìí

Ìwádìí sí irú àríyànjiyàn báyìí fi hàn pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni àwọn olólùfẹ́ eré ń fi ojú kan náà wò. Nínú apá The Last of the Starks, tí ó jáde ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2019, àwọn òǹwòran rí ife kọfí ayé òde òní lórí tábìlì níwájú Daenerys. Ayé rẹ́rìn-ín, HBO yọ ife náà kúrò nínú àwòrán lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Àṣìṣe ojú lásán ni. Kò sí ohunkóhun nínú ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ife náà.

Nínú apá kan náà ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi ogun Euron Greyjoy ti ba ní ibùba, tí ó sì fi àkàtàǹpó ńlá pa ọ̀kan nínú dírágónì Daenerys. Èyí ni ó da àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí pé nínú ìpàdé tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbéra ní apá náà gan-an, wọ́n ti mẹ́nu ba àwọn ọkọ̀ náà ní etí Daenerys. Nígbà tí Benioff ń ṣàlàyé apá náà, ó ní Daenerys ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ ọ̀hún. Àlàyé yìí kò tu àwọn òǹwòran lójú. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ènìyàn lè gbàgbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìtàn, ìgbàgbé náà gbọ́dọ̀ ní gbòǹgbò: kí ó jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, tàbí ìbínú bò ó lójú, tàbí ẹnì kan tàn án jẹ. Ìgbàgbé tí ó bọ́ sí àsìkò tí asọ̀tàn nílò rẹ̀, tí kò sì ní ìdí mìíràn, ti asọ̀tàn ni, kì í ṣe ti ẹ̀dá ìtàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, wọ́n fi apá The Bells hàn. Àkàtàǹpó tí ó pa dírágónì kan láti orí omi kò rí ìkejì ta láti orí odi ìlú. Àwọn kan pe èyí ní ìrúfin. Àwọn mìíràn dáhùn pé Daenerys ti kọ́gbọ́n, ó fi oòrùn ṣe ìbòjú, ó já lù wọ́n láti òkè, àti pé yíyí irú àkàtàǹpó bẹ́ẹ̀ padà kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Iyàn tí ó le jù lọ wá jẹ́ lórí bí Daenerys ṣe dáná sun ìlú tí ó ti túúbá. Àwọn alátakò rán àwọn ènìyàn létí ọ̀pọ̀ ẹrú tí ó dá sílẹ̀. Àwọn olùgbèjà rán wọn létí pé ní ọdún 2014, nínú sáà kẹrin, ó kan àwọn ọ̀gá ẹrú 163 mọ́gi ní Meereen, àti pé nínú sáà keje ó fi iná dírágónì sun àwọn ìgbèkùn tí ó kọ̀ láti tẹrí ba.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, èrò kan fìdí múlẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ lítíréṣọ̀ fetí sí. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ kí Daenerys di apanirun. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé a kò fi ìgbésẹ̀ tí ó gbé e débẹ̀ hàn tó. Wọ́n tọ́ka sí i pé sáà kìíní títí dé ìkẹfà ní apá 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sáà keje ní 7, sáà kẹjọ sì ní 6 péré. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin kí ìdí má sí rárá àti kí ìdí wà ṣùgbọ́n kí asọ̀tàn fo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún sáà kẹjọ ṣe. Bóyá ìbéèrè náà tọ́ tàbí kò tọ́, ó jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ àhunpọ̀ ìtàn lè jẹ ènìyàn lógún ju bí olùkọ́ mìíràn ti rò lọ.

Ọmọ Ọba Wo? Nígbà tí Gírámà Di Àhunpọ̀ Ìtàn

Apá kan nínú àríyànjiyàn yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Stormborn, tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ 23, oṣù keje, ọdún 2017, àlùfáà obìnrin kan sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún Daenerys nípa ọmọ ọba tí a ṣèlérí pé yóò gba ayé là. Daenerys dáhùn pé òun kì í ṣe ọmọkùnrin. Missandei, ògbufọ̀ rẹ̀, wá ṣàlàyé pé ìtumọ̀ náà kò pé, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n lò nínú èdè Valyria kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Pẹ̀lú gbólóhùn kan yìí, àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ eré ti fún Jon Snow tún ṣí sílẹ̀ fún Daenerys. Martin ti gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kẹrin, tí ó jáde ní ọdún 2005, níbi tí arúgbó ọ̀mọ̀wé kan ti mọ̀ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ pé inú ìtumọ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

David J. Peterson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ni ó ṣẹ̀dá èdè náà fún eré yìí, ó sì fún un ní gírámà kíkún. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni ó pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí: ti òṣùpá, ti oòrùn, ti ilẹ̀ àti ti omi. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ gírámà èdè náà lè jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà ní ìsọ̀rí, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí náà kò dúró lórí akọ àti abo. Olùkọ́ Fulfulde kò ní ṣe wàhálà kí èyí tó yé e, nítorí pé ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ inú èdè tirẹ̀ ju ogún lọ, ìsọ̀rí kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin sì jọ wà.

Ó yẹ kí olùkọ́ gbé àsọtẹ́lẹ̀ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Nínú Yorùbá, ọmọ ọba ni ọkùnrin, ọmọ ọba ni obìnrin, arọ́pò-orúkọ ó sì ń ṣojú fún àwọn méjèèjì. Nínú Ìgbò, bákan náà ni nwa eze àti arọ́pò-orúkọ ọ rí. Nínú Haúsá, atúmọ̀ gbọ́dọ̀ yàn: ɗan sarki tàbí 'yar sarki, shi tàbí ita. Èyí já sí pé ìran náà yóò yé ọmọ Haúsá kíákíá, ṣùgbọ́n yóò tú mọ́ ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ìgbò lọ́wọ́, nítorí pé Daenerys kò lè sọ pé òun kì í ṣe ọmọ ọba. Atúmọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé àṣìṣe náà ró. Nínú Yorùbá, àrẹ̀mọ lè ṣe é: kí àwọn ènìyàn ti máa pe ẹni náà ní àrẹ̀mọ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ògbufọ̀ wá wí pé ọmọ ọba lásán ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà túmọ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí tán ti kọ́ nípa jẹ́ńdà, arọ́pò-orúkọ, ìtumọ̀ àti àhunpọ̀ ìtàn ní ìjókòó kan.

Ohun méjì ló tún yẹ ní mímẹ́nu bà. Èkíní, ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 2019, Arya Stark ni ó pa olórí àwọn òkú, eré náà kò sì padà sórí àsọtẹ́lẹ̀ náà mọ́. Àwọn òǹwòran bèèrè, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, pé kí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀kọ́ gírámà kọ́ àwọn. Ìkejì, ní ọdún 2017, ètò ìkọ́-èdè Duolingo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Valyria yìí. Èdè tí kò ní ìlú, tí kò ní ìyá, tí kò ní baba, rí akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ìtàn kan mú un níyì. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ èdè tí ó ní ìlú, ìyá àti baba ronú sí i.

Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Mú Un Lò

Olùkọ́ kò nílò ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tàbí eré ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó lo ọ̀nà yìí. Ìwé tí ó wà nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́ tó. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ìbéèrè tí ó kángun ìtàn ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ni, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ju kí ènìyàn má ṣe ojúkòkòrò lọ. Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn rẹ̀ láìka ìwé náà. Ìbéèrè mẹ́ta tí ó jáde láti inú àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ eré kò ṣeé dáhùn láìkà á. Àkọ́kọ́: òfin wo ni ìtàn yìí gbé kalẹ̀, ojú ewé wo ni ó sì wà? Ìkejì: kí ni ó fa ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ǹjẹ́ ó lè gba ọ̀nà mìíràn? Ìkẹta: kí ni ẹ̀dá ìtàn yìí mọ̀ ní àkókò yìí, ǹjẹ́ ìwà rẹ̀ bá ohun tí ó mọ̀ mu?

Olùkọ́ Yorùbá lè mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá oògùn kọ̀ọ̀kan tí Àkàrà-ògùn lò, kí wọ́n sì tọ́ka sí ibi tí a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ní in. Ó lè bèèrè ìdí tí ọkùnrin náà fi padà sínú igbó lẹ́yìn ìyà tí ó jẹ níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Olùkọ́ Ìgbò lè mú Omenụkọ, ìwé Pita Nwana tí ó jáde ní ọdún 1933, kí ó bèèrè bóyá òfò ọjà tó láti mú oníṣòwò ta àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sóko ẹrú, tàbí ìwà rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ Haúsá lè lo Ruwan Bagaja, ìwé Abubakar Imam nípa ẹni tí ó lọ wá omi ìwòsàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán ìrìn náà, kí wọ́n sì wo ibi tí ọ̀nà ti gùn àti ibi tí ó ti kúrú láìnídìí.

Òfin iyàn gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ka ojú ewé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tako ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni náà sọ títí tí onítọ̀hún yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun wí. Nígbà tí iyàn bá dé àárín, kí àwọn alátakò àti olùgbèjà pààrọ̀ ipò.

Èrè gírámà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iyàn lórí ìdí àti àbájáde kò ṣeé ṣe láìlo bí... bá, níwọ̀n ìgbà tí, àyàfi bí, síbẹ̀, ó di dandan kí àti ó ṣeé ṣe kí. Èyí tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni ì bá, tí a fi ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí ó lè ti ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ pé bí Gendry bá ti ṣubú lọ́nà ni, Daenerys kì bá tí gbọ́, ń lo ì bá nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílò rẹ̀. Gbólóhùn àpẹẹrẹ ara pátákó kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Àríyànjiyàn tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ju eré ìdárayá lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe é ń wá ẹ̀rí, wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀, wọ́n ń ya ohun tí ó jọra sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ẹnu apá kejì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lára wọn sábà máa ń ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n bá dé kíláàsì èdè abínibí, òwe àti ẹ̀kọ́ ìwà ni wọ́n ń bá pàdé jù. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gbà lọ́kàn pé èdè kan wà fún ríronú, èdè kejì sì wà fún kíkí àgbà.

Àsìkò tí èrò yìí léwu nìyí. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò kẹ́yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ìwádìí nìkan kì í yí ọkàn òbí padà. Òbí tí ó bá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń jiyàn lọ́nà tí ó gún régé ní Yorùbá, Ìgbò tàbí Haúsá, tí ó ń ka ojú ewé, tí ó ń dá ẹnìkejì rẹ̀ lóhùn láìbú u, kò ní nílò ẹni tí yóò sọ fún un bóyá èdè náà lè gbé ìrònú.

Ìlànà ìjọba lè yí padà lónìí, kí ó tún yí padà lọ́la. Ìṣẹ́jú ogójì tí olùkọ́ èdè ní nínú kíláàsì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò le: kánàkò tí ọdẹ yìí fi dé ibí, ojú ewé wo ni a ti gbọ́ pé ó ní in?